Òfin Iná Mànàmáná Tuntun àti Àwọn Agbo-Ilé Wa

Ní oṣù kẹta ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe kan nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa, èyítí ó fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ láti pèsè iná mànàmáná, láti gbé e kiri, àti láti pín in fún àwọn ènìyàn rẹ̀, ìbáà ṣe ní ibi tí wáyà iná gbogbo orílẹ̀-èdè dé, ìbáà ṣe ní ibi tí kò dé. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu tí ó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ fọwọ́ sí Òfin Iná Mànàmáná ti ọdún 2023, tí ó to ọ̀nà tí a ó gbà lo àṣẹ náà lẹ́sẹẹsẹ. Láti ìgbà náà ni àjọ tí ń ṣe àkóso iná láti Àbújá ti ń gbé àṣẹ lé àwọn ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì wà nínú wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kò pariwo ní Ọjà'ba tó bí owó epo bẹntiróòlù ti pariwo, ṣùgbọ́n àwa gbà pé bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, òun ni àwọn ọmọ wa yóò béèrè lọ́wọ́ wa pé kí ni a fi ṣe.

Kì í ṣe ohun àjèjì ni ó dé bá wa. Kí ọdún 1950 tó dé, Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìbàdàn, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Native Authority, ni ó ń bójútó iná ìlú yìí, gẹ́gẹ́bí ó ti ń bójútó ọjà àti ọ̀nà. Ní ọdún 1950 ni a dá Electricity Corporation of Nigeria sílẹ̀, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí kó iná àwọn ìlú jọ sábẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1972 ó di NEPA. Ní ọdún 2005 ó di PHCN. Ní ọdún 2013 a gé e sí wẹ́wẹ́, a tà á fún àwọn oníṣòwò, ìpín tiwa sì di IBEDC, tí ó ń pín iná fún Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn, Kwara àti apá kan nínú àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn. Orúkọ ń yí, òkùnkùn kò yí. Nísisìyí tí àṣẹ tí ó kúrò nílé ní ọdún 1950 ti ń padà bọ̀ wálé, ìbéèrè tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Ìbàdàn tí ó mọ̀wé kí ó bi ara rẹ̀ ni èyí: nínú iná tuntun yìí, kí ni ìpín àwọn agbo-ilé wa?

A ní láti béèrè, nítorí pé ìgbésẹ̀ kìíní nínú ìyípadà yìí ti kọjá lára wa, a sì mọ bí ó ti rí. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ní ọjọ́ tí Ààrẹ Tinubu gorí àlééfà, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà epo tí kò tó 200 náírà fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,000. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé wí pé bí epo bá ń pọ̀ ní ọ̀pọ̀ lọ́nà àrà, kò sí ẹni tí yóò wá iná mìíràn, àti pé owó tí ìjọba ń dà sínú epo yẹ kí ó lọ sí ibi tí ó sàn jù. Àwa kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gba ọ̀pá lọ́wọ́ arọ, ìjókòó ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀. A gba ọ̀pá; ìjókòó kò tíì dé.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìgbésẹ̀ kejì tẹ̀lé e. A ti pín àwọn tí ń lo iná sí ìpele márùn-ún, láti A tí ó yẹ kí ó máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, títí dé E tí ó yẹ kí ó máa rí i fún wákàtí 4. A sọ owó àwọn tí ó wà ní ìpele A di 225 náírà fún kílówáàtì-wákàtí kan, láti nǹkan bí 68 tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ dáadáa. Ilé-iṣẹ́ tí ń ta iná yóò fi ojú sí ibi tí owó ti ń wọlé. Ibi tí owó ti ń wọlé ni ibi tí ilé ti dá dúró, tí mítà wà lára ògiri, tí onílé kan ṣoṣo ń san owó. Agbo-ilé tí ìdílé mẹ́wàá ń gbé, tí wọ́n ń lo wáyà kan, tí a sì ń fi ojú díwọ̀n owó wọn ní ìparí oṣù nítorí pé kò sí mítà, kì í ṣe ibi tí oníṣòwò yóò kọ́kọ́ sáré lọ. Kò sí ẹni tí ó jókòó gbìmọ̀ pé kí Bẹ́yẹrúnkà wà nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún èrè nìkan, ibẹ̀ ni yóò parí sí.

Ẹ rìn láti Bẹẹrẹ gba ẹsẹ̀ òkè Màpó dé Ọjà'ba, ẹ ó rí ohun tí a ń wí. Ẹ̀rọ amúnáwá kéékèèké ń pariwo ní ẹnu ọ̀nà télọ̀ àti onígbàjámọ̀, èéfín wọn sì ń wọ inú yàrá tí àwọn ọmọ sùn sí. Ẹ̀rọ ìlọta ń mu dísù. Olóúnjẹ tí ń rokà fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn ń dáná igi, nítorí pé owó gáàsì ń lé e sẹ́yìn. Èédú sì ń wọ ìlú láti Òkè-Ògùn, nínú àpò lórí àpò, ìyẹn ni pé igi tí ó ń di ilẹ̀ àwọn ará Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn mú ni a ń fi se ọbẹ̀ ní Ìbàdàn. Àwa tí omi Ògùnpa kó ẹrù wa lọ ní oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí ó ju igba ènìyàn lọ sì bá a lọ, tí a tún rí àgbàrá oṣù kẹjọ ọdún 2011 tí ẹ̀mí tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ṣòfò nínú rẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ wa pé òjò àti igi àti ilẹ̀ ní ohun tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Òtítọ́ ni pé ilé tí a kọ́ sí ojú odò àti ìdọ̀tí tí a dà sínú rẹ̀ kò kéré nínú ẹ̀bi náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń dá kún ẹrù tí ó ti wúwo tẹ́lẹ̀, ọ̀ràn ara rẹ̀ ni ó ń dá.

Ìjọba àpapọ̀ ti jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú ayé. Ní ìpàdé Glasgow ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Ààrẹ Buhari sọ pé kí ó tó di ọdún 2060, Nàìjíríà kò ní máa tú èéfín sí ojú ọ̀run ju èyítí ilẹ̀ àti igbó lè gbà padà lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022 a gbé ètò náà jáde. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí 750 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò tí a ń pè ní DARES, kí a lè fi iná oòrùn dé ọ̀dọ̀ mílíọ̀nù 17 àti ààbọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Owó ńlá ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò rí iná láti ara wáyà ìjọba ní ilẹ̀ wa lé ní mílíọ̀nù 85 gẹ́gẹ́bí Báńkì náà fúnra rẹ̀ ti kà á. Ẹni tí kò bá tètè dé ìdí àwo, yóò bá àwo lófo.

Ǹjẹ́ iná oòrùn náà lè ṣiṣẹ́ fún wa? Ó lè ṣe é, bí a bá mọ ohun tí ó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Awo sólà ń sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná ní ọ̀sán. Bátìrì ń pa á mọ́ di alẹ́. Ínfátà ń yí i padà sí irú iná tí ohun èlò ilé ń lò. Ìmọ́lẹ̀, fáànù, fóònù, ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìgẹ̀run kò béèrè agbára púpọ̀. Èyí tí kò tóbi tó. Ẹ̀rọ ìlọta àti iṣẹ́ ajórin béèrè agbára tí awo méjì tàbí mẹ́ta kò lè fún un, ẹni tí ó bá sì sọ fún ọlọ́ta pé ó tó, ọjà ni ó fẹ́ tà. Ọyẹ́ a máa kó eruku bo awo náà, a gbọ́dọ̀ máa nù ún. Ìkùukùu oṣù keje àti ìkẹjọ a máa dín agbára rẹ̀ kù. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá iná sólà tí ìjọba rì sí ojú títì ní ilẹ̀ wa ni ó ti di igi lásán, kì í ṣe nítorí pé oòrùn kò ràn, ṣùgbọ́n nítorí pé bátìrì wọn kú, kò sì sí ẹni tí a fi iṣẹ́ àtúnṣe lé lọ́wọ́.

Ìṣòro tiwa gan-an kò sí lójú ọ̀run. Orí òrùlé wa ni ó wà. Ilé ìlú àtijọ́ jẹ́ ilé amọ̀, páànù rẹ̀ sì ti dípẹtà láti ayé bàbá wa. Òmíràn kò lè ru awo kí ògiri má sán. Èyí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ilé ẹbí ni. Báńkì tí yóò yá ènìyàn lówó láti ra sólà yóò béèrè ìwé ilé. Agbo-ilé kò ní ìwé ní orúkọ ẹnìkan, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó ní, nítorí pé ohun tí a fi jẹ́ ọmọ ìyá ni. Nítorínáà, ètò ìyálówó tí a bá ṣe fún onílé kọ̀ọ̀kan, bí ó ti wù kí ó dára tó nínú ìwé, yóò fò wá dá. Yóò dé Bódìjà, yóò dé àwọn ilé tuntun ẹ̀yìn odi, yóò sì yí Màpó po láìwọ̀ ọ́. A ó wá máa wí pé àwọn ará ìsàlẹ̀ kò lajú, nígbàtí ó jẹ́ pé ẹni tí ó to ètò náà ni kò mọ bí ìlú yìí ti ń gbé.

Ṣùgbọ́n ìlú tí ó mọ bí a ti ń ní ilé pọ̀ mọ̀ pẹ̀lú bí a ti ń ní owó pọ̀. Lẹ́yìn tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní ọdún 1935, àwọn àgbẹ̀ kòkó Ìbàdàn kó ara wọn jọ, Olóyè Akínpẹ̀lú Ọbíṣẹ̀san, ọmọ ìlú yìí, sì jẹ́ aṣáájú wọn. Láti inú iṣẹ́ irú wọn ni Báńkì Alájẹṣẹ́kù ti jáde ní ọdún 1953. Àgbẹ̀ tí báńkì òyìnbó kò kà sí ènìyàn di ẹni tí ó ní báńkì tirẹ̀. Ní Jámánì, lẹ́yìn òfin iná tí wọ́n ṣe ní ọdún 2000, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni àwọn ará abúlé àti àdúgbò dá sílẹ̀ láti ní iná oòrùn àti ti afẹ́fẹ́ fún ara wọn. Ní Kẹ́ńyà, àwọn tálákà ń san owó sólà díẹ̀díẹ̀ láti orí fóònù wọn bí ẹni ń dá èésú. Kò sí èyí nínú wọn tí ó ga ju àjọ àti èésú tí àwọn ìyá wa ń dá ní Ọjẹ̀ lọ.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀ràn èéfín ayé kì í ṣe ẹ̀bi wa, pé àwọn tí ó fi èédú àti epo kọ́ ilé gogoro wọn ni kí ó lọ tún ayé ṣe. Wọ́n sọ òtítọ́ nípa ẹ̀bi. Ẹni tí ó ba nǹkan jẹ́ jù ni ó yẹ kí ó san jù, ìjọba wa kò sì gbọ́dọ̀ ṣíwọ́ láti máa wí bẹ́ẹ̀ níbikíbi tí a bá ti pàdé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀bi kò tan fìtílà. Ẹni tí ń ra epo sínú ẹ̀rọ amúnáwá ní Ìdí-Arẹrẹ kò rà á láti fi bá òyìnbó jà. Kò rí òmíràn ni. Láti ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2024 títí wọ oṣù kejì ọdún 2025, Ilé Ìwòsàn UCH, tí ó jẹ́ ògo Ìbàdàn láti ọdún 1957, wà láìsí iná IBEDC nítorí gbèsè, ó sì ju ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ. Ilé-iṣẹ́ iná ní ẹ̀tọ́ láti gba owó rẹ̀. Aláìsàn pẹ̀lú ní ẹ̀tọ́ láti má ṣe jẹ́ ẹni tí a ó fi gba owó náà. Bí ilé ìwòsàn ńlá bá lè wà bẹ́ẹ̀, kí ni ti ilé ìgbẹ̀bí kékeré ní àdúgbò wa?

A kò sì gbọ́dọ̀ fi ojú fo ewu tí ó wà nínú ohun tuntun. Bátìrì olómi tí ó ti gbó kún fún òjé. Ní Ògíjó ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí a ti ń yọ́ irú bátìrì bẹ́ẹ̀, a ti bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará àdúgbò, ìjọba sì ti ti ilé-iṣẹ́ mélòó kan pa ní ọdún 2025. Ìdọ̀tí òjé tí a dà sí ilẹ̀ Olódó, ní ẹ̀bá ìlú wa níhìn-ín, ti di ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń yẹ̀ wò láti ọ̀pọ̀ ọdún. Bí sólà bá wọ agbo-ilé láìsí ètò ibi tí òkú bátìrì yóò gbà jáde, ẹ̀yìnkùlé wa àti odò Kúdẹtì ni yóò gbà á.

Nítorínáà àwa ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ wa, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, fún nǹkan márùn-ún yìí. Èkíní, kí àjọ tuntun tí yóò máa ṣe àkóso iná ní Ọ̀yọ́ kí ó fi í sínú ìwé-àṣẹ ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pé iye mítà báyìí gbọ́dọ̀ wọ àwọn agbo-ilé ìlú àtijọ́ kí ọdún báyìí tó pé, kí a sì bu owó ìtanràn lé ẹni tí kò bá ṣe é. Èkejì, kí a jẹ́ kí ẹbí àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè gba ìwé-àṣẹ àti owó ìyálò ní orúkọ àpapọ̀, pẹ̀lú ìfọwọ́sí Mọ́gàjí àti àwọn àgbà ilé, kí a má ṣe fi ìwé ilé sé wọn mọ́ òde. Ẹ̀kẹta, níbi tí òrùlé kò bá lè ru awo, kí a gbé e ka orí ilé-ẹ̀kọ́, ilé ìgbẹ̀bí àti ìsọ̀ ọjà, kí a sì ti ibẹ̀ fa wáyà dé agbo-ilé tí ó yí i ká. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fọwọ́ kan òrùlé Gbọ̀ngàn Màpó, tí a ti ń wò láti ọdún 1929. Ẹ̀kẹrin, kí a kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ fífi sólà sí àti títún un ṣe, kí ó má baà jẹ́ pé àlejò ni a ó máa pè nígbàkúgbà tí iná bá kú. Ẹ̀karùn-ún, kí ẹni tí ó bá ta bátìrì jẹ́ ẹni tí òfin yóò mú láti gba òkú rẹ̀ padà.

Ẹ̀yin Olóyè wa àti ẹ̀yin Mọ́gàjí, ọ̀rọ̀ kù sọ́dọ̀ yín. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nígbàtí àwọn oníṣòwò bá dé pẹ̀lú ìwé àdéhùn, ẹ má ṣe fi ọwọ́ sí ohun tí a kò kà sí yín létí ní èdè tí ó yé yín. Bí àdúgbò bá dá owó ra ẹ̀rọ tíráńsífọ́mà, gẹ́gẹ́bí a ti ń ṣe láti ìgbà pípẹ́, ẹ rántí pé iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ iná ni ẹ gbà ṣe. Ìlànà àjọ àkóso fi àyè sílẹ̀ pé kí a kọ àdéhùn kí ó tó di rírà, kí a lè san owó náà padà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò kọ àdéhùn kò ní ohun tí yóò tọ́ka sí. Ẹ̀yin náà sì ni ẹnu yín tó láti sọ fún àwọn ọmọ ilé pé ẹni tí ó jí wáyà, tàbí tí ó fa iná gba ẹ̀yìn mítà, kì í ṣe ìjọba ni ó jà lólè. Aládùúgbò tí ń san owó ni.

Nígbàtí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955, kò mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilé olówó kí ó tó ronú kan ọmọ àgbẹ̀. Ó ka iye ọmọ, ó kọ́ iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ó kọ́ àwọn olùkọ́, ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo wọn ní ọjọ́ kan náà. Ohun tí a ṣe nígbàtí a kò lówó tó báyìí, kò sí ìdí tí a kò fi lè ṣe é lónìí. Oòrùn tí ń ràn sí orí páànù ìpẹtà ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣì kò yàtọ̀ sí èyítí ń ràn sí orí òrùlé ọlọ́rọ̀. Kí òfin tí ènìyàn ṣe má ṣe pín ohun tí Ọlọ́run kò pín. Àṣẹ ti padà dé ilé. Ẹ jẹ́ kí a lò ó kí ó tó tún bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn.